Ọjọ́ Tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kò Já

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni Senka Mitrović fi ń bá àpótí méjì fà á ní yàrá ìwádìí kan nílùú Niš. Ọ̀kan wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, èkejì wà lẹ́bàá fèrèsé, kò sì sí wáyà kankan láàárín wọn. Iṣẹ́ wọn ni kí ti ẹnu ọ̀nà ju odidi fíìmù kan sí ti ojú fèrèsé kí ènìyàn tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n sì ń ṣe é. Wáìfáì inú ilé kò lè sáré débẹ̀. Àmọ́ bí ìgbì rédíò tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ náà ṣe yára tó ni ó ṣe lẹ́gẹ́ tó: kì í lọ jìnnà, kì í sì í la ara ènìyàn kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dúró sáàárín àpótí méjèèjì, pàtì, ó já nìyẹn.

"Ẹ̀rọ tó ń sá fún ènìyàn," ni Ọ̀gá Tihomir, olórí wọn, máa ń pè é. "Ta ló fẹ́ ra ohun tí a ó máa tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé ẹni?"

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, Màmá Radojka tó ń gbá ilé iṣẹ́ náà gbé gibanica wá, àkàrà oníwàràkàṣì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ààrò, nítorí àjọ̀dún ẹni mímọ́ tó ń ṣọ́ ìdílé rẹ̀. Gbogbo wọn dúró sáàárín yàrá, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Senka nu ọwọ́ tó wo kọ̀ǹpútà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò já. Eré rẹ̀ dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò já, bẹ́ẹ̀ ènìyàn mẹ́rin ló dí i lọ́nà.

"Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan."

Tihomir wò ó tòun ti àkàrà lẹ́nu. "Kọ̀ǹpútà rẹ ló ń parọ́. Pa á, kí o tún un tàn."

Lọ́jọ́ kejì, Senka ní kí àwọn mẹ́rin náà dúró síbi tí wọ́n dúró sí lánàá. Ó já. Ó ṣí fèrèsé, ó já. Ó tì í, ó já. Ó kó ẹ̀wù òtútù wọn sórí àga bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, pàbó. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó gbádùn oúnjẹ mọ́. Nígbà tó ti dán gbogbo rẹ̀ wò, Màmá Radojka nìkan ló kù. Ó bá a lórí àtẹ̀gùn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí ẹ gbé gibanica wá, kí lẹ ṣe nínú yàrá wa?"

Radojka fi igi ìnulẹ̀ ti ògiri. "Kí ló sọnù?"

"Nǹkan kan ò sọnù."

"Torí mi ò fọwọ́ kan àpótí yín o. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri pé ká má fọwọ́ kàn án, mo sì mọ̀wé kà."

"Ohun tó dáa lẹ ṣe, Màmá. Mo fẹ́ kí ẹ tún un ṣe ni."

"Ebi ló ń pa ọ́, o ò kàn fẹ́ sọ ni."

Síbẹ̀ ó wá lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú páànù róbótó fífẹ̀ tó fi ń yan nǹkan. Òfìfo ni, ó ní àjọ̀dún ti parí. Ó wọlé, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé páànù yí wọn ká. Nígbà tí kò ráyè lórí tábìlì nítorí wáyà, ó gbé e nàró sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi ti ògiri, bó ṣe ṣe lọ́jọ́ náà nígbà tó pín àkàrà tán. Senka ti dúró sáàárín àpótí méjèèjì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ti já. Bí páànù ṣe kan ògiri báyìí, ó so padà.

"Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀." Ó já.

"Ẹ gbé e padà." Ó so.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ṣe é. "Apá ń ro mí o," Radojka wí.

Senka ní kí Ọ̀gá Tihomir dúró sáàárín nípò òun, òun fúnra rẹ̀ sì gun àga. Ó yí páànù díẹ̀ sí òsì, ó já. Ó dá a padà, ó so. Ó bú sẹ́rìn-ín. Èyí tó ya ẹ̀gbẹ́ lọ nínú ìgbì náà ń lu páànù, ó sì ń ta padà bíi bọ́ọ̀lù tó lu ògiri, títí tó fi dé ojú fèrèsé.

"Ṣé a ó wá máa tà á tòun ti páànù ni?" Tihomir bi í.

"Rárá, Ọ̀gá. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. A ó kọ́ àpótí náà kó máa wá ọ̀nà mìíràn fúnra rẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é. Tẹ́lẹ̀, ibì kan ṣoṣo ni àpótí náà ń kọjú sí. Ní báyìí, bí wọ́n bá dí i lọ́nà, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á wo òkè àjà, títí á fi rí ohun tó lè dá ìgbì rẹ̀ padà: ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù onírin, kódà gíláàsì fèrèsé.

Nínú oṣù Kejìlá, àwọn tó ń náwó sí iṣẹ́ náà wá láti Belgrade. Ọkùnrin sísanra kan nínú wọn mọ̀ọ́mọ̀ dúró sáàárín, ó na apá méjèèjì. Fíìmù tó ń lọ lórí kọ̀ǹpútà kò dúró. Ó sún síwájú, ó sún sẹ́yìn, kò dúró. "Ó gba ẹ̀yìn mi kọjá," ló ń wí ṣáá. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n gbà pé kí iṣẹ́ náà máa tẹ̀ síwájú.

Àwọn àlejò lọ tán, Màmá Radojka wọlé wá kó ife kọfí. Ó dúró wo àpótí ẹnu ọ̀nà.

"Senka, ọmọ mi, tó bá mọ̀ pé ẹnì kan dí òun lọ́nà, ṣé ó mọ ẹni náà?"

"Mi ò mọ̀, Màmá." Senka fa ìwé àti bírò sún mọ́ra. "Ẹ gbé àwọn ife yẹn kalẹ̀ ná. Ẹ bá mi rìn kọjá láàárín àpótí méjèèjì, ká wò ó bóyá á dá yín mọ̀."

"Kíákíá ni àbí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́?"

"Bí ẹ ṣe máa ń rìn."

Radojka tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì rìn kọjá.