Ọta Tí Màmá Dà Pọ̀

Ọjọ́ ìdíje ìbọn yíyìn ni, Fọláhàn sì dúró bí òpó ní bésímẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilé rẹ̀, ní Glenn Dale ní Amẹ́ríkà.

Fúnra rẹ̀ ló ń ki ẹ̀tù sínú ọta rẹ̀, torí pé ti ṣọ́ọ̀bù kì í lọ sójú kan. Ó to èyí tó dá a lójú sínú páálí kan. Ó to ti ìdánwò, tí ẹ̀tù inú wọn ń pọ̀ sí i dé ibi tó lè fọ́ ìbọn mọ́ èèyàn lójú, sínú èkejì. Bó ṣe gòkè lọ wẹ̀, ìyá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé sọ̀ kalẹ̀, ó da gbogbo wọn pọ̀ sínú abọ́ kan ṣoṣo.

"Wúruwùru yẹn pọ̀ jù, ọmọ mi. Mo ti bá ọ kó o jọ."

Gbogbo wọn jọra bí ẹ̀wà. Òṣùwọ̀n gan-an ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, torí ìwúwo irin ara wọn fúnra rẹ̀ ò dọ́gba.

"Ẹ ṣé, mà."

"Àbí kò dáa ni?"

"Ó dáa, mà."

Aaron, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá fi ọkọ̀ gbé e, sọ̀rọ̀ sí i létí: "Jẹ́ ká ra ti ṣọ́ọ̀bù lọ́nà. Ẹ̀rọ tó ṣe ìyẹn ò ní màmá."

Fọláhàn ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi wá ìwọ̀n ẹ̀tù yẹn! Ṣùgbọ́n Màmá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣàdúrà, ó ń wo abọ́ tó kó ọta sí. Ló bá gbé abọ́ ọta tí kò lè yìn lé itan nínú ọkọ̀ Aaron, wọ́n sì gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ.