Ẹṣin Mẹ́ta Létí Ọ̀gbun

Tefo na ẹṣin náà lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹṣin fẹ̀yìn jáde nínú odò, ó mi gọ̀gọ̀, omi tó tutù bíi yìnyín sì ta sí ẹni tó gùn ún lára.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó wo omi náà ná," Bàbá Seabata ké láti òdìkejì. "Ẹṣin kì í ki ẹsẹ̀ bọ ibi tí kò bá tíì wò."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó mọ ọ̀nà?"

"Òun mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gùn ún ni kò mọ̀ ọ́n."

Nthatisi ti gòkè odò tipẹ́. Ó jókòó sórí ẹṣin tirẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó tún ń gbé pàṣán sókè, inú rẹ̀ sì ń ru díẹ̀díẹ̀ bí ìkòkò tí wọ́n dé lórí iná. Láti àárọ̀ ni Tefo ti ń na ẹṣin ẹlẹ́ṣin. Ó nà án nígbà tó dúró jẹ koríko, ó nà án nígbà tó ń gun òkè, ó tún nà án nígbà tí kò ṣe nǹkan kan. Bàbá Seabata ló ni ẹṣin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ló sì ń mú àlejò lọ wo ibi tí omi ti ń já láti orí òkè. Arúgbó náà kò jà. Ó wé kúbùsù rẹ̀ mọ́ èjìká dáadáa, ó padà sínú odò, ó gba ìjánu lọ́wọ́ Tefo, ó sì fà wọ́n kọjá, ẹṣin àti ènìyàn.

"Ẹṣin ọ̀lẹ," ni Tefo wí bó ṣe ń gbọn omi kúrò lára ṣòkòtò.

"Bàbá Lineo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi pàṣán yẹn sílẹ̀."

"Ìsinmi la wá ṣe, Ìyá Lineo. Má fi ìwà tíṣà bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Nthatisi gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ti gbé irú rẹ̀ mì fún ọdún mọ́kànlélógún, ọ̀fun rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Àti pé, ká sòótọ́, Tefo ló ṣètò ìsinmi yìí. Ọkùnrin tí kò jẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù irin àti páànù rẹ̀ ní Maseru sílẹ̀ lọ́jọ́ kan péré, òun ló wọlé lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn tó ní, "Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ti padé. Jẹ́ ká lọ sórí òkè, ká lọ gun ẹṣin bí o ṣe máa ń gùn ún lọ́mọdé." Nthatisi kò mọ̀ pé ó rántí. Nílé bàbá rẹ̀ ní Quthing, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti ń gun ẹṣin láìsí gàárì, tó ń gbé ọkà bàbà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí Tefo sọ ọ́, inú yàrá ìdáná ilé wọn ní Maseru ló wọ̀, tó sunkún, ẹkún ayọ̀, tí ìyá rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tó ń ṣa ẹ̀fọ́ lórí àpótí, fi bi í pé, "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá. Tefo ní ká lọ sinmi."

Ìyá náà wò ó títí. "Ó dáa," ló wí, ó sì padà sídìí ẹ̀fọ́ rẹ̀.

Wọ́n gun òkè fún wákàtí kan gbáko. Koríko ti pọ́n, afẹ́fẹ́ ń já bí abẹ, àwọn darandaran kan tó wé kúbùsù dé imú súfèé sí wọn láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí wọ́n dé ọrùn òkè, níbi tí òkè méjì ti pàdé, Bàbá Seabata fa ìjánu.

"Bẹ́ ẹ bá lẹ́ni tẹ́ ẹ fẹ́ pè, ibí nìkan ni fóònù ti ń gbọ́ràn. Lẹ́yìn èyí, ó di ìrọ̀lẹ́."

"A ò lẹ́ni tá a fẹ́ pè," Tefo dáhùn kíákíá.

Ìkánjú yẹn ló mú kí Nthatisi yọ fóònù rẹ̀ jáde. Kò tíì gbé e sójú tó fi gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ni, láti ọ̀dọ̀ Mokhele, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin.

*A ti kó ẹrù Màmá tán. Bẹ́ẹ̀dì náà wọ inú ọkọ̀. Tefo ní o ò fẹ́ wà ńbẹ̀ torí ẹkún, mo gbọ́ ẹ yé. A ti ń lọ sí Quthing. Ẹ gbádùn ìsinmi yín.*

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó wá gbójú sókè wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, ẹ̀yìn gbàǹgbà tó wọ jákẹ́ẹ̀tì tuntun, ó sì rí i pé ọkùnrin náà ti mọ ohun tó wà nínú fóònù yẹn, torí kò yíjú padà. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi wo ẹ̀yìn yìí sáré, ibi tó mú un dé sì rèé.

"Bàbá Lineo, kí lẹ sọ fún Mokhele?"

"Mo fẹ́ sọ fún ẹ lálẹ́ òní. Mo ní kó o kọ́kọ́ gbádùn ara ẹ."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Màmá ti dàgbà." Ó ṣì ń wo iwájú. "Ilé wọn ló yẹ kí wọ́n wà. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wà lọ́dọ̀ wa, ṣé mo ráhùn? Ní báyìí Lineo ti wọ yunifásítì. Kí ló kù tí wọ́n ń ṣe nílé?"

Kí ló kù tí wọ́n ń ṣe. Nthatisi tún gbólóhùn náà sọ nínú ara rẹ̀. Ọwọ́ ìyá yẹn ló ń di irun Lineo láràárọ̀. Orúnkún ìyá yẹn, tó ń dùn ún, ló fi ń gun àtẹ̀gùn lọ pàdé ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ nínú òjò. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Tefo ti lo òkété tán, ó wá ń tì í jáde nínú ihò. Òun, ọmọ òkété, ni wọ́n fi ẹṣin tàn wá sórí òkè kó má baà wà nílé.

Gbogbo ara rẹ̀ gbóná. Ẹkún ayọ̀ tó sun ní yàrá ìdáná ló dùn ún jù.

Ó pe Mokhele. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé pẹ̀lú ariwo ọkọ̀ akẹ́rù.

"Mokhele, ẹ yí ọkọ̀ yẹn padà. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

"Ọkọ ẹ ní ẹ jọ fẹnu kò ni."

"Irọ́ ni."

"Nthatisi, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Mafeteng. Ilé ọkọ ẹ ni, òun ló pè mí pé kí n wá. Kó pè mí fúnra rẹ̀ tó bá ní kí n padà. Mi ò lè wọ àárín tọkọtaya." Ó pa fóònù.

"Ẹ pè é," ó wí fún Tefo.

"Mi ò ní pè é. Ilé mi ni. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Bàbá." Tefo sì fi ẹsẹ̀ gún ẹṣin nínú, ó ṣíwájú arúgbó náà bọ́ sórí ọ̀nà tó ń sọ̀ kalẹ̀.

"Ọ̀gá! Ọ̀gá, ẹ má ṣíwájú mi níbẹ̀!"

Ó ti pẹ́ jù. Ọ̀nà náà kò ju fífẹ̀ ẹnu ọ̀nà ilé lọ. Lápá ọ̀tún, òkúta ló dìde bí ògiri. Lápá òsì, kò sí nǹkan kan, àfi afẹ́fẹ́, àti odò tó rí tín-ín-rín bí òwú nísàlẹ̀ ọ̀gbun. Ẹṣin náà rìn bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ó rí koríko tútù kan létí ibi tí ilẹ̀ ti tán, ó sì na ọrùn síta láti já a jẹ. Pàṣán jábọ́ lọ́wọ́ Tefo. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di gàárì mú.

"Ìyá Lineo." Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. "Ìyá Lineo, wá bá mi mú un."

Nthatisi sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn gba ẹ̀gbẹ́ ògiri òkúta, ara rẹ̀ ń kan òkúta, títí ó fi dé ibi orí ẹṣin náà. Ó mú ìjánu. Bàbá Seabata ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Kò fa ẹṣin náà wá sí apá inú. Ó kàn di ìjánu mú.

"Pè é, Tefo."

Ọdún mọ́kànlélógún, kò pe orúkọ rẹ̀ gàn-ín báyìí sí i lójú rí.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mo ní kó o pe Mokhele."

"O ti ya wèrè? Fa ẹṣin yìí kúrò níbí!"

Ẹṣin gbọ́ igbe, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, ó tún un gbé kalẹ̀. Òkúta kékeré kan yẹ̀, ó ré bọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́tí. Wọn kò gbọ́ ìgbà tó balẹ̀.

Tefo fi ọwọ́ kan yọ fóònù. Ó ṣi nọ́ńbà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ibi ẹran ọbẹ̀ ló ń sọ ọ́. "Mokhele... Ẹ dúró. Ẹ dá Màmá padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá, kò sí nǹkan tó ṣe mí. Ẹ ṣáà dá wọn padà."

"Ìyá," Bàbá Seabata wí lẹ́yìn rẹ̀, kò gbóhùn sókè, "ẹ fún mi ní ìjánu yẹn."

Ó fún un.

Arúgbó náà kẹ́nu mọ́ etí ẹṣin, ó sọ nǹkan kan fún un, ó sì fà á wá sí apá ògiri, ìṣísẹ̀ kan, ìṣísẹ̀ kan, títí wọ́n fi padà dé ọrùn òkè níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́. Ìgbà náà ló tó yíjú sí Nthatisi, ìbínú sì wà lójú tirẹ̀ náà wàyí.

"Ẹṣin mi kọ́ lẹ ó fi bá ara yín jà. Ọkọ yín lẹ rí lórí ẹ̀. Ṣé ẹ rí ẹṣin náà? Òun ni yóò kọ́kọ́ balẹ̀."

Nthatisi gbé ọwọ́ lé ọrùn ẹṣin náà. Awọ rẹ̀ ń gbọ̀n wìrìwìrì lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bí omi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

Tefo bọ́ sílẹ̀, ó jókòó sórí òkúta. "O fẹ́ pa mí," ló wí. Kì í ṣe ìbéèrè.

"Mi ò mọ̀," Nthatisi dáhùn. Òótọ́ ni. Ó wo inú ara rẹ̀ bóyá yóò rí àbámọ̀, ìbínú ṣì kún ibẹ̀ dé ẹnu, kò sí àyè.

Fóònù dún. Mokhele ni, àmọ́ kì í ṣe ohùn Mokhele.

"Ta ló ní kí wọ́n dá mi padà?"

"Èmi ni, Màmá. Irọ́ ni wọ́n pa fún yín, mi ò mọ nǹkan kan."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ojú ẹ kò lè pa irú ẹ̀ mọ́." Ohùn ìyá náà le koko. Inú ń bí i, ìbínú tí Nthatisi kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. "Láàárọ̀, wọ́n ní, 'Màmá, ẹ wọkọ̀.' Mo wọkọ̀. Nísinsìnyí wọ́n ní ká yí padà. Mokhele ń yí i lọ́wọ́ báyìí, kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ṣé àpò ọkà ni mí, Nthatisi?"

"Rárá, Màmá. Mo ti bá wọn jà. Ẹ máa bọ̀ nílé, mo máa..."



Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n sin bàbá rẹ̀, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló di àpótí ìyá rẹ̀. Òun ló kó adìẹ fún àwọn ará ilé kejì, òun ló ti ilẹ̀kùn, òun ló mú kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì. Ìyá náà dúró lẹ́bàá igi píìṣì pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lára, ó ń wo ilé. Òun sì ti wo mọ́tò, ó ti wo aago, ó ní, "Màmá, ẹ wọkọ̀, ilẹ̀ ń ṣú." Tìfẹ́tìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Àánú ló fi ṣe é. Títí di òní, ó ti ń ro ọjọ́ náà sí ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ tó ṣe ọmọ gidi.

"Hẹ́lòó?" ìyá rẹ̀ wí.

"Mo ń gbọ́ yín, Màmá. Ẹ ní kí Mokhele paná ọkọ̀ ná."

Ó gbọ́ tí ìyá náà sọ ọ́. Ó gbọ́ tí Mokhele ń ráhùn, tí ẹ́ńjìnnì sì kú.

"Màmá, ibo lẹ fẹ́ lọ?"

Kò sí èsì. Ó kọ́kọ́ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, ó fi fóònù mọ́ etí ṣinṣin. Kò lọ. Ìyá náà ń mí. Mọ́tò kan sáré kọjá níbẹ̀, ajá kan gbó.

"Dúró ná," ìyá rẹ̀ wí níkẹyìn, ohùn náà sì ti yàtọ̀. "Jẹ́ kí n rò ó."

Tefo dìde lórí òkúta, ó gbọn ìdí ṣòkòtò. "Ṣé ká máa lọ? Òtútù ń mú mi."

"Ẹ jókòó, Ọ̀gá," Bàbá Seabata wí. "Ẹ ò rí i pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ ni?"

Nthatisi kò yíjú sí èyíkéyìí nínú wọn. Ó jókòó sínú koríko, ó fi ẹ̀yìn rọ òkúta, ó sì ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń mí.