Ọ̀pá Kan fún Èèyàn Méjì

Bí ẹ bá fẹ́ kí Alága gbàgbé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ bi í pé èwo ló dáa jù nínú àwọn ohun tí wọ́n ń gùn nínú ọgbà ìṣeré. Á fi abẹ́rẹ́ há àyà ẹ̀wù rẹ̀, á ti awò ojú rẹ̀ sókè orí, ó di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Télọ̀ ni. Ṣòkòtò nìkan ló ń rán, nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é ní Télọ̀ mọ́. Alága ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí, torí òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà kì í ṣe èèyàn o. Ọkọ̀ ni, òun ló sì pẹ́ jù nínú ọgbà náà. Kẹ̀kẹ́ mẹ́fà ni wọ́n so mọ́ra. Ṣéènì á fà wọ́n gun òkè gíga kan, wọ́n á já bọ́ lórí irin, wọ́n á tún gun òkè míì, wọ́n á tún já bọ́, títí wọ́n á fi padà síbi tí wọ́n ti gbéra. Pákó ni wọ́n fi kan gbogbo òkè náà, bí ọkọ̀ bá sì ń sáré lórí rẹ̀, gbogbo eegun rẹ̀ a máa ké. Wọ́n ti kàn án kí wọ́n tó bí Alága, Alága sì ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

Lójú tirẹ̀, ìyókù ọgbà náà, ariwo lásán ni. Kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń yí lókè, ó ní àga ni, ẹni tó bá jẹ́ àga ló ń wá kó jókòó sílé. Èyí tó ń gbéni lọ sókè gan-an tó wá ń ju ni sílẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n sọ, bó bá ti sọ ọ́ tán, kò tún ní òmíì. Òkìtì, èyí tuntun onírin tó ń dorí èèyàn kodò lẹ́ẹ̀marùn-ún, òun gan-an ló ń bí i nínú. "Kí ni wọ́n ń dorí mi kodò sí? Ṣé wọ́n fẹ́ gbọn àpò mi ni?" Ó gùn ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní ó ń dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò níyọ̀.

Ti Ìyá Àgbà yàtọ̀. "Ẹ̀yìn pátápátá ni kí o jókòó sí," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Tó bá dé orí òkè kẹta, tí iwájú ti ń já bọ́, á fa ẹ̀yìn tẹ̀lé e. Ìdí rẹ á kúrò lórí àga. O ò sí lókè, o ò sí nílẹ̀. Kò ju ìwọ̀nba kí o pe orúkọ ara rẹ tán." Ohun tó sì mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé ọ̀pá irin kan ṣoṣo ló ń dábùú itan èèyàn méjì tó bá jókòó pọ̀, ọ̀pá náà kì í sì í fún mọ́ni. Orí ìjókòó yẹn ni òun àtìyàwó rẹ̀ jọ ń jókòó fún ọgbọ̀n ọdún, òun tín-ín-rín, ìyẹn náà tín-ín-rín, kó tó di pé àìsàn mú ìyàwó lọ. Tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibẹ̀ yẹn, Alága á bẹ̀rẹ̀ sí í wá abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọgbà náà gba máníjà tuntun, obìnrin kan tí kì í pariwo. Kò tíì lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ tó fi kéde pé òun fẹ́ yọ ọ̀pá àjọlò yẹn kúrò, kí olúkúlùkù ní ọ̀pá tirẹ̀, pẹ̀lú bẹ́líìtì. Ìjà dé! Alága kọ lẹ́tà, ó gba ìbuwọ́lùwé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà bí ẹni tó ń gbowó orí. "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kan Ìyá Àgbà, ta ló já bọ́ níbẹ̀? Ẹ mú un wá kí n rí i." Kò sẹ́ni tó rí ẹnikẹ́ni mú wá. Nígbà tó yá, máníjà ní kí gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn pàdé ní Ọjọ́bọ̀ kan, kí wọ́n sọ ọ́ tán. Bí ẹgbẹ́ bá ṣì kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, òun á jáwọ́.

Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn ni ọmọ ọmọ Alága ga tó ẹni tó lè gun Ìyá Àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Lọ́yà ni bàbá àgbà rẹ̀ ń pè é, torí bó bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ, á tún fi ìdáhùn rẹ béèrè òmíì. Ọdún méjì gbáko ló fi ń dúró ti òpó tí wọ́n fi ń wọn àwọn ọmọdé lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Àgbà, tó ń na ọrùn, tí wọ́n ń dá a padà. Lọ́jọ́ yẹn, àtàrí rẹ̀ fi ìbú ìka kan kọjá ìlà pupa. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Òun ni ọmọ kan ṣoṣo tí Alága bí, nọ́ọ̀sì ni, ó sì gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ọjọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì wo òkè pákó, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pá yẹn máa mú un ṣá?"

"Ṣé èmi lò ń bi?" ni Alága dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó mú ìyá tó bí ọ fún ọgbọ̀n ọdún. Lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà tó yí ibẹ̀ ká, kó o máa ya fọ́tò wa."

"Ẹ̀rù ti ń ba Mọ́mì," ni Lọ́yà wí.

"Tó bá ti jẹ́ Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀, ó tó," ni ìyá rẹ̀ sọ, ó sì lọ síbi wáyà.

Wọ́n jókòó sẹ́yìn pátápátá. Òṣìṣẹ́ kan wá, ó tẹ ọ̀pá sílẹ̀, ọ̀pá dúró lórí ikùn Alága, òṣìṣẹ́ kọjá lọ. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Ṣéènì gbé wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, kà-kà-kà-kà. Wọ́n ti gòkè dé ìdajì kí Lọ́yà tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá àgbà, kí ló dé tí ọ̀pá yìí kàn yín, tí kò kàn mí? Ẹ wò ó." Ó gbé orúnkún rẹ̀ méjèèjì sókè. Orúnkún náà ò dé ara ọ̀pá.

Alága wolẹ̀. Ogójì ọdún ló ti fi ń wọn ikùn èèyàn. Kò nílò téèpù mọ́. Ínṣì mẹ́rìndínláàádọ́ta ni tirẹ̀ báyìí, ínṣì méjìlélógún ni tọmọ. Ọ̀pá tó jẹ́ ti èèyàn méjì, ara ẹni tó sanra jù ló máa dúró sí. Láyé ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ tín-ín-rín ni. Láti ìgbà tíyàwó ti kú, bí kò bá dá jókòó, àwọn àgbàlagbà ẹgbẹ́ ni wọ́n jọ ń jókòó, oníkùn pẹ̀lú oníkùn. Kò tíì jókòó ti ọmọdé níbẹ̀ rí. Ó ki ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ bọ àárín ọ̀pá àti itan ọmọ náà. Ó to ẹ̀ṣẹ́ kejì lé e. Àyè ṣì kù.

"Ẹ dá a dúró!" Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń jù wọ́n. "Ẹ dá ọkọ̀ dúró!"

Nísàlẹ̀, Bàbá Bíréèkì tó ń ṣọ́ bíréèkì Ìyá Àgbà láti ogún ọdún na ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè, ó juwọ́ sí i. Kí ni kó ṣe? Kò sí Sátidé tí Alága kì í ké tí ọkọ̀ bá ń gòkè. Àṣà rẹ̀ ni. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà sì máa ń dá a lóhùn. Wọ́n dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn náà: "Alágaaa!" Nọ́ọ̀sì wà láàárín wọn, ó gbé fóònù sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.

Òkè àkọ́kọ́ já wọn sílẹ̀. Alága fi ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ẹ̀yìn ìgbátí ìbàdí ṣòkòtò ọmọ náà, ó wé aṣọ náà mọ́ ọwọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an. Òkè kejì kọjá. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè kẹta, tí iwájú já bọ́, ó mọ ìgbà tí ọmọ náà kúrò lórí àga. Kì í ṣe ìdí nìkan ló kúrò. Odindi ọmọ ni. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ kúrò níbi tó wà, ó wá sínú ìka márùn-ún bàbá àgbà rẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Alága gbọ́ tí òwú kan já. Ó ké pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àga padà wá bá wọn.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Lọ́yà ń fò sókè sódò. "Mo fò! Mọ́mì, mo fò! Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ ká tún lọ!"

"Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe dì mọ́ ọn," ni Nọ́ọ̀sì wí, ó ń fi fọ́tò inú fóònù hàn wọ́n. "Ta gan-an lẹ̀rù ń bà nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Alága ní ó ti rẹ òun, kí àwọn máa lọ sílé. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò tíì ṣeé nà.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Àìkú, ó lọ jẹun nílé ọmọ rẹ̀, ó jẹ, ó dúpẹ́, ó wá sílé. Lọ́jọ́ Ajé, ó rán ṣòkòtò kan tí ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti gbòmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ. Ṣebí ó kàn lè sọ fún Bàbá Bíréèkì pé kí wọ́n má gbé ọmọdé jókòó ti àgbàlagbà mọ́, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀? Kí Ìyá Àgbà wà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ṣọ́ ọ? Ìyàwó tín-ín-rín tọ́kọ rẹ̀ sanra ńkọ́? Tinútinú ló fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn. Ibẹ̀ nìkan ló kù tó ti ń ṣe é bíi pé ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú tì í pé òun ń ro ìyẹn mọ́ ẹ̀mí ọmọ, ó sì tún ń rò ó.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ilé oúnjẹ inú ọgbà ni wọ́n ti pàdé, àwọn bí ogójì lórí àga oníke. Máníjà sọ tirẹ̀ wẹ́rẹ́, ó jókòó. "Alága, ó kàn yín o!" ni wọ́n ń ké. Àmọ́ kí Alága tó dìde, ẹnì kan ti dìde lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ni, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó ti mú kí wọ́n tẹ fọ́tò yẹn jáde ní ńlá.

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní pẹ́, iṣẹ́ ni mo ti wá," ó ní. "Ọmọ mi rèé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òun àti bàbá mi, ní Sátidé. Ẹ wo ojú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń tọ́jú àwọn tó fara pa. Ká ní ọ̀pá yẹn léwu ni, mi ò ní jẹ́ kọ́mọ mi débẹ̀. Mo bi bàbá mi, wọ́n sì dá mi lóhùn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Fọ́tò ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Alága dìde, ó di ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀ mú.

"Ọmọ mi ò parọ́," ó ní. "Ó bi mí lóòótọ́. Èmi ni mo dá a lóhùn ohun tí mi ò mọ̀." Ó wá sọ ọ́ bó ṣe rí: ikùn òun, itan ọmọ, ẹ̀ṣẹ́ méjì tó wọlé tí àyè tún ṣẹ́ kù. "Ọ̀pá ò mú un. Ọwọ́ mi ló mú un. Ẹ jẹ́ kí máníjà yọ ọ́."

Ilé dà rú. "Alága, èló ni wọ́n fún yín?" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ta ló ti jókòó ti ọmọdé níbẹ̀ rí nínú yín?" ni Alága dá a lóhùn. "Gbé ọmọ rẹ ti ikùn yẹn, kó o wo ibi tí ọ̀pá máa dúró."

Bàbá Bíréèkì ti ṣí fìlà rẹ̀. "Ó ń ké pè mí," ó ní, "mo juwọ́ sí i." Gbogbo wọn yíjú sí i. "Àwọn ìyá mélòó ni mo ti rí tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, tí wọn ò lè fi ọwọ́ ọmọ wọn sílẹ̀. Mo rò pé ìfẹ́ ni."

Nọ́ọ̀sì ti gba fọ́tò rẹ̀ padà. Ó ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ nínú rẹ̀, ibi tó gbà, ibi tó há sí.

"Àtọjọ́ Sátidé lẹ ti mọ̀?"

"Láti Sátidé ni."

"Ẹ wá jẹun nílé mi lọ́jọ́ Àìkú."

"Mo jẹun."

Ó ká fọ́tò náà sí méjì, ó fi sínú báàgì, ó ní kí wọ́n máa bá ìpàdé lọ, ó padà síbi iṣẹ́.

Wọ́n pààrọ̀ ọ̀pá. Ẹgbẹ́ yan alága míì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdúgbò ò yí orúkọ padà. Nígbà tí Ìyá Àgbà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, Alága lọ gùn ún lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn pátápátá. Lórí òkè kẹta, bẹ́líìtì dì í, ìdí rẹ̀ ò kúrò lórí àga. "Ó ti bàjẹ́," ló sọ fún Bàbá Bíréèkì nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. "Èmi ni mo bà á jẹ́. Bó bá tún di ọ̀la, màá tún bà á jẹ́ ni." Kò padà lọ mọ́.

Nọ́ọ̀sì ò bá a jà. Ó ń wá, ó ń kúnlẹ̀ kí i, ó ń mú Lọ́yà wá sí ṣọ́ọ̀bù bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sán kan, Lọ́yà ń wá òwú funfun tó wà lókè pẹpẹ, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o.

"Gun àpótí yẹn," ni Alága wí nídìí ẹ̀rọ. "Ó lágbára dáadáa."

Ọmọ náà ti gbé ẹsẹ̀ kan.

"Dúró ná," ni ìyá rẹ̀ sọ. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àpótí náà mọ́lẹ̀, ó mì ín sọ́tùn-ún, ó mì ín sósì. Kò ṣe é láti fi bú ẹnikẹ́ni. Kò tiẹ̀ wo ojú bàbá rẹ̀. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Ó dáa," ó sọ fún ọmọ náà. "O lè gùn ún báyìí."

Alága tẹ orí mọ́ ẹ̀rọ, ó ń rán ìgbátí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.