Bàtà Tí Sahwira Wá Béèrè

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 2019, Ruramai fi bàtà rẹ̀ kan ṣoṣo ta ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ lọ́rẹ. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé adìẹ rẹ̀ fún aládùúgbò. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó sì ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìṣirò lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá rẹ̀ ní Olúwa ti gba ọmọ òun lọ́wọ́ ahun. Gbogbo àwọn ará ilé wọn ní agbègbè Buhera ń yìn ín. Wọn ò mọ̀ pé ayé ti sú u, pé ńṣe ló ń palẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, bàbá àgbàlagbà kan, VaMuchineripi, wọlé láìkanlẹ̀kùn. Òun ni sahwira ìdílé náà, ọ̀rẹ́ àjogúnbá tó lè sọ ohun tó bá wù ú sí ẹnikẹ́ni, tí wọn ò sì gbọdọ̀ bínú. Bí ará ilé kan bá kú, òun ni yóò wọ aṣọ àti bàtà olóògbé náà, tí yóò máa fara wé ìrìn rẹ̀ títí àwọn tó ń sunkún yóò fi rẹ́rìn-ín.

“Ìwọ onímú bí ọ̀dùnkún yìí, mo gbọ́ pé o ń pín ogún. Bàtà dà?”

“Mo ti fi tọrẹ, bàbá.”

“Kí wá ni kí n wọ̀ níbi òkú rẹ? Ṣé kí n máa rìn lẹ́sẹ̀ lásán bíi pẹ́pẹ́yẹ ni?”

Ìyá rẹ̀ ní, “Ẹ má pe ikú sí i lórí.”

“Ẹ lọ wo ìkòkò yín, ó ń jóná.”

Kò sí ìkòkò lórí iná, àmọ́ obìnrin náà lọ.

Bàbá náà fi ìkérora jókòó sílẹ̀. “Ruramai, ṣé o fẹ́ pa ara rẹ ni?”

Wọ́n ti bi í bóyá ó jẹun, bóyá ó gbàdúrà. Kò sẹ́ni tó tíì bi í ní èyí.

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“O ṣeun tí o sọ fún mi. Mi ò fẹ́ iṣẹ́ yẹn. O máa ń rìn bí ẹni tó ń wá owó tó já bọ́. Orúnkún mi ò lè gbé e.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ruramai kó tó mọ̀. Ẹkún tẹ̀ lé e. Ó ní òun ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ mọ́kànlá, ojú ń ti òun. Bàbá náà ò wàásù. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sọ ọ́ fún àwọn òbí Ruramai, wọ́n kó gbogbo ohun eléwu inú ilé tì mọ́ inú àpótí, òun fúnra rẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú Ruramai lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì gba iwájú gbogbo ẹni tó tò kọjá.

“Bàbá, kí ló ń ṣe yín?” nọ́ọ̀sì béèrè.

“Ẹwà ló ń ṣe mí. Ọmọ yìí ni kí o gbọ́.”

Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ fún wákàtí kan. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Ruramai ń padà lọ títí ọdún fi parí. Kò lè tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún yẹn. Ọdún kan gbáko ló pàdánù, àmọ́ kò pàdánù ẹ̀mí rẹ̀.