Ẹ̀bẹ̀ Tí Kóòtù Fòfin Dè

Ọ̀rọ̀ náà ti sú Adéníkẹ́ pátápátá kí wọ́n tó pe ẹjọ́ wọn. Láti àárọ̀ ló ti jókòó sórí bẹ́ńṣì ní kóòtù Àkúrẹ́, ooru ń mú un, inú ń bí i. Bísọ́dún àbúrò rẹ̀ jókòó tì í.

Ẹjọ́ ọ̀hún kò le tẹ́lẹ̀. Bísọ́dún bá Adélaní jà ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, ó fi sípánà ṣẹ́ ẹ lápá. Adájọ́ ṣàánú rẹ̀, kò rán an lẹ́wọ̀n. Ó ní kó máa lọ sílé, ṣùgbọ́n fún ọdún kan, kò gbọdọ̀ kúrò ní Àkúrẹ́ láìgba àyè lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Akíntúndé, òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ, kò sì gbọdọ̀ dé ibi tí Adélaní bá wà. Tó bá rú u, ẹ̀wọ̀n ni. Adéníkẹ́ ló ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete. Ohun tí kò kàn yé e ni pé kí ènìyàn ṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lápá, kó máa jẹun, kó máa sùn, láìlọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ọmọ. Ẹ̀kọ́ ilé wo nìyẹn? Irú òfin rádaràda wo ló ń ní kí ẹni tó ṣẹ̀ má bẹ̀bẹ̀?

"Àǹtí mi, adájọ́ ní n ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀," Bísọ́dún wí.

"Adájọ́ ló bí ẹ ni? Ẹni tá a bá ṣẹ̀, ilé rẹ̀ la ń lọ. Wọṣọ!"

"Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Akíntúndé."

"Kó lè ní ká má lọ? Mo ní o wọṣọ!"

Ó wọṣọ. Wọ́n wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, níbi tí Adélaní ti ń tọ́jú apá rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bísọ́dún dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀. Adélaní wò ó, ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. "Ojú ló ń tì í," ni Adéníkẹ́ wí. Ìyá Adélaní sunkún, ó dárí jì wọ́n, ó sì fún wọn lóúnjẹ. Orin ni Adéníkẹ́ ń kọ bọ̀ wálé.

Àfi bí ìyá yìí ṣe gbé fóònù lọ́jọ́ kejì, tó pe Ọ̀gbẹ́ni Akíntúndé! Ó ní àwọn èèyàn náà ti wá bẹ òun o, ọmọ náà mọ ọ̀wọ̀, kó bá òun sọ fún adájọ́ kó tú ẹjọ́ ká. Ọpẹ́ ló ń dá! Ta ló rán an níṣẹ́?

Bí Ọ̀gbẹ́ni Akíntúndé ṣe fẹjọ́ sun adájọ́ nìyẹn, tí wọ́n fi wá jókòó sórí bẹ́ńṣì. Wọ́n pe ẹjọ́. Adájọ́ bi Bísọ́dún bóyá ó lọ sí Oǹdó. Ó ní òun lọ. Ṣé ó mọ̀ pé kò gbọdọ̀ lọ? Ó mọ̀.

"Ta ló mú ẹ lọ?"

"Èmi nìkan ni mo dá a rò, Olúwa mi."

Ara Adéníkẹ́ kò gbà á. Ó fò dìde. "Irọ́ ló ń pa! Èmi ni mo fipá mú un. Ìyá ọmọ náà sì ti dárí jì wá!"

"Adélaní ńkọ́?" ni adájọ́ bi í. "Ta ló bi í léèrè nínú yín? Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sùn nínú ilé ìyá rẹ̀ mọ́. Ó ti sá lọ sí Bọ́lọ́rundúró. Ó ní ẹni tó ṣẹ́ òun lápá ti mọ ilé àwọn."

Kò sẹ́ni tó bi Adélaní ní nǹkan kan lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Adéníkẹ́ dọ́kàn.

Adájọ́ ní kí Bísọ́dún lọ ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Bí wọ́dà ṣe di ọwọ́ rẹ̀ mú, Adéníkẹ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín kóòtù, ó ń fọwọ́ méjèèjì bẹ adájọ́, ó ń bẹ akọ̀wé, ó ń bẹ wọ́dà.

Bísọ́dún bojú wẹ̀yìn. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Àǹtí mi, ẹ dìde," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi bẹ ẹnikẹ́ni mọ́."