Búrẹ́dì Concepta

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Mísà àdúgbò, èyí tí Fàdá máa ń ṣe láti ilé dé ilé, kan ilé Concepta Gilhooly, èmi Attracta ni mo gbé búrẹ́dì rẹ̀ sókè lójú ogójì èèyàn.

"Ẹ wá wo búrẹ́dì ṣọ́ọ̀bù! Concepta, ṣé ọwọ́ ẹ rọ ni?"

Ilé rẹ́rìn-ín títí. Concepta ń da tíì lọ.

Lọ́dún yìí, ó kan ilé tèmi. A kun ilé, a nu fèrèsé. Fintan ọkọ mi tiẹ̀ kun ilé adìyẹ, àfi bí ẹni pé Fàdá fẹ́ gbọ́ ìjẹ́wọ́ àwọn adìyẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fi wàrà kíkan po ìyẹ̀fun, mo fi ọ̀bẹ ya àgbélébùú sí i lórí, mo tì í sínú ààrò. Ìkánjú kò jẹ́ kí n rántí sódà tó ń mú un wú. Òkúta ni mo yọ jáde.

Wákàtí kan ló kù. Mo wakọ̀ lọ sílùú kejì, mo ra búrẹ́dì mẹ́rin, mo ju àpò wọn síná, mo fi aṣọ tá a fi ń nu abọ́ wé wọn bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò.

Mísà parí, wọ́n jókòó ti ẹyin àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín. Fàdá Colum fi bọ́tà sí búrẹ́dì, ó bù ú jẹ, ó dijú.

"Attracta! Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá mi ni, Fàdá."

Irọ́ náà yọ̀ lẹ́nu mi bí omi. Mo gbójú sókè, mo rí Concepta tó ń gbóòórùn búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀. Ó yí ìdí búrẹ́dì náà wò. Ó wá wò mí.

"Ó dùn o," ló wí. "Gé sí i fún mi."

Mo gé e fún un. Nígbà tí àwọn èèyàn ń dágbére, Concepta dúró bá mi fọ abọ́.

"Ìwọ lo ṣe búrẹ́dì yẹn, àbí?" mo sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Èmi ni. Ìgbà tó o fi mí ṣẹ̀sín ni mo lọ kọ́ ọ. Mo máa ń fi oyin díẹ̀ sí i. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ti ń gbà á lọ́wọ́ mi látìgbà Àjíǹde."

"Concepta, jọ̀ọ́, má bínú."

Ó nu ife kan gbẹ. "Lójú ogójì èèyàn lo ti bú mi. Ìdí abọ́ lo ti wá ń bẹ̀ mí?"

Mo gbọ́ tí ọkọ̀ ń dún níta. Mo sáré jáde, mo dúró síwájú ọkọ̀ Fàdá.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Gbogbo yín! Búrẹ́dì tẹ́ ẹ jẹ yẹn..."

Malachy, arúgbó àdúgbò wa, dikùn mú. "Yéè! Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Bàbá. Concepta ló fi oyin ṣe é. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti rà á. Mo sì purọ́ fún Fàdá, Mísà ò tíì tán lẹ́nu mi."

Kò sẹ́ni tó bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Concepta yọ sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ bá a, wọ́n ń bi í léèrè irú oyin tó ń lò. Èmi dúró síbẹ̀, omi abọ́ ń kán lọ́wọ́ mi, Fintan ọkọ mi ń wo ilẹ̀.