Àpò Mẹ́ta Lórí Ìjókòó Nuala

"Nuala! Ta ló kó oúnjẹ àwọn àgùntàn mi?"

Ìyá Manus kò tíì wọlé tán tí ohùn rẹ̀ ti gba gbogbo ilé ìdáná. Bàtà rọ́bà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ilẹ̀ tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ló sì ń fi wọ́n tẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yẹn sẹ́nu ọ̀nà. Oúnjẹ wo lẹ̀ ń wí?"

"Àpò mẹ́fà ni mo tò sẹ́yìn ilé lánàá, kò ku ẹyọ kan. Àgùntàn ò kúkú lè ṣílẹ̀kùn. Ọkọ rẹ ni. Lọ bá mi gba ọ̀kan padà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ẹran yẹn ń ké bí ẹni tí wọn ò bọ́ láti ọjọ́ Kérésìmesì."

Nuala bú sẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́, ó sì kọjá sí ilé ọkọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé. Ó mọ ohun tí Manus fi àpò ṣe. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn, ìdíje eré ọkọ̀ ku ọ̀túnla, gbogbo ọkùnrin tó ní ọkọ̀ ìdíje láti ìlú Ardara títí dé Glenties ló sì ti wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó tó bá ń wá ọkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wo òkè.

Ọkọ̀ Kòrólà àtijọ́ wọn dúró lórí ìwọ̀n mẹ́rin, ìwọ̀n kan lábẹ́ táyà kan. Manus ti ki ègé rọ́bà sábẹ́ méjì nínú wọn, nítorí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ dagẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ na gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó ń fi sípánà oníkọ́ yí òrùka tó gbé sípíríǹgì dúró lára ṣọ́kì tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa jó nínú ihò. Bó bá yí i gòkè, igun yẹn á ga, ìwúwo á sì lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ náà dà bí kéèyàn máa tún ẹsẹ̀ tábìlì ṣe: bó bá ki nǹkan sábẹ́ ọ̀kan, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó máa gun ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, tàbí ohun tó wúwo tó wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òfo ni gbogbo làálàá.

Àpò mẹ́ta wà lórí ìjókòó Manus. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Nuala yí sí apá òsì, níbi tí òun máa ń jókòó sí láti ka ọ̀nà fún un, tó ń pe kọ́nà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó débẹ̀, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu rẹ̀. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀ náà. Òun kò ju àpò méjì lọ, pẹ̀lú akoto àti bàtà. Wọ́n sì ti tú bẹ́líìtì rẹ̀ sílẹ̀ dé òpin kó lè yí àwọn àpò náà ká, bẹ́líìtì tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn láti ọdún mẹ́sàn-án.

"Manus, ta nìyí?"

"Ta ni ta?" Ohùn rẹ̀ ń ti ilẹ̀ bọ̀.

"Ẹni tó jókòó sí ààyè mi."

Sípánà dúró. "Àpò ni, Nuala."

"Mo rí i pé àpò ni. Ta ni àpò náà?"

"Mo kàn fi díwọ̀n ni…"

"Má mú mi lọ́mọdé. O mọ bí mo ṣe wúwo tó ju bí dókítà ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Dìde kó o wò mí lójú."

Manus dìde. Ó fi àkísà nu ọwọ́ pẹ́ títí, ọwọ́ náà kò sì mọ́ rárá. "Cathal ni," ló wí níkẹyìn.

Cathal jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá Manus, ọkọ̀ tó ń kó wàrà ló ń wà.

"Cathal? Cathal tí ò mọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó ara ẹ̀?"

"Ó ti ń ka ọ̀nà fún àwọn ará Glenties láti èṣín."

"Ìgbà wo lo wá fẹ́ sọ fún mi? Ní Sátidé, tí mo bá ti dé akoto tán?"

"Alẹ́ òní ni mo fẹ́ sọ ọ́."

"Irọ́ lò ń pa."

Irọ́ ló sì ń pa lóòótọ́. Ojú ìwọ̀n ló tẹjú mọ́ bí ẹni pé nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ máa gbà á sílẹ̀. Nígbà ìwọ́wé tó kọjá ni ọkọ̀ náà fò kúrò lójú ọ̀nà níbi ìdíje kan tó sì lọ kọlu òkìtì, tí egungun èjìká Nuala fi dá. Egungun náà ti jinná, dókítà ti fọwọ́ sí i pé ó lè padà. Àmọ́ láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ ọ́ nílé ọtí pé ó pẹ́ kí obìnrin náà tó pe kọ́nà. Wọn ò sọ ọ́ lójú rẹ̀ rí. Bó bá wọlé, wọ́n á kàn yí ọ̀rọ̀ sí òjò tàbí bọ́ọ̀lù.

"Ṣé o gbà wọ́n gbọ́ ni?" ló béèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ṣé èmi ni mo pè é pẹ́?"

"Rárá! Nuala, ẹnu ò gbọ́dọ̀ gbé irú ìyẹn. O pè é bó ṣe yẹ. Èmi ni mo mú ṣọ́kì le jù. Ọkọ̀ fò lórí gegele, nígbà tó fi máa balẹ̀, kò sí ọ̀nà lábẹ́ ẹ̀ mọ́."

"Kí ló wá dé tí Cathal fi máa jókòó síbẹ̀?"

"Ọkọ̀ yìí ni. Mi ò tíì fọkàn tán an."

"O ò fọkàn tán an, o wá fẹ́ fi gbé ọmọ ọlọ́mọ?" Ó ti nawọ́ sí bẹ́líìtì. "Kó àwọn àpò yìí sílẹ̀. Èmi àti ẹ máa lọ dán an wò báyìí."

"Mi ò tíì parí ẹ̀."

"Kó wọn sílẹ̀, Manus."

Ó kó wọn sílẹ̀. Ó yí kókó kékeré tó wà lórí ṣọ́kì kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ lè rọ̀ díẹ̀, ó tì í sẹ́yìn kúrò lórí ìwọ̀n, ó sì gbé e jáde sínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Nuala ti fún bẹ́líìtì rẹ̀ padà dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà tó gba àárín àbàtà kọjá ni wọ́n gbà, ọ̀nà tóóró tí àwọn méjèèjì mọ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Eré tí ọlọ́pàá kò lè fi mú èèyàn ni wọ́n ń sá. Kò ju kọ́nà méjì lọ tí Nuala fi mọ̀ pé ọkọ̀ náà ti dára. Ara ìjókòó ni ẹni tó ń ka ọ̀nà ti máa ń mọ̀ ọ́n. Ó ń wọ ihò, ó ń jáde, kò ta wọ́n nù. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, kò fì. Inú rẹ̀ dùn láìfẹ́.

"O ti rí i báyìí?" ló wí. "Kò sí nǹkan tó ṣe é." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀nà láti orí, nọ́ńbà ló fi ń sọ bí kọ́nà kọ̀ọ̀kan ṣe le tó. "Ọ̀tún márùn-ún. Gegele. Òsì mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, má gé e."

Gegele náà kò ju èyí tí kẹ̀kẹ́ ọmọdé lè gùn lọ. Ṣùgbọ́n Manus tẹ bíréèkì kó tó débẹ̀, ó tún un tẹ̀, ọkọ̀ sì ń wọ́ gòkè bí ẹni tó ń yọ́ wọlé. Nuala yíjú láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá rí i pé ọkọ òun kò wo iwájú. Èjìká òun ló ń wò.

"Ọ̀nà! Manus, wo ọ̀nà!"

Katakata kan ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ gegele, ó gba ọ̀nà tán. Manus fa ìtọ́kọ̀ sósì, táyà méjì bọ́ sínú koríko, ọkọ̀ mì, ó sì dúró ṣinṣin. Katakata kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó kù díẹ̀ kó ha wọ́n lára. Bàbá tó ń wà á gbé ìka kan sókè kí wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe àdúgbò, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Manus fa bíréèkì ọwọ́. Ó pa ọkọ̀.

"Mo ń gbọ́ ọ," ló wí. "Bí gegele kan bá ti yọ báyìí, mo máa ń gbọ́ ìró egungun yẹn. Mo sọ fún ara mi pé ṣọ́kì ni, mo ra tuntun. Mo sọ pé bí ìwọ̀n ẹ̀ bá gún, ìró náà máa lọ. Ó ti gún, Nuala. Kò lọ." Omi ti kún ojú rẹ̀, kò sì nù ún. "Bí Cathal bá wà níbẹ̀, ojú ọ̀nà ni màá máa wò. Mo fẹ́ràn Cathal, àmọ́ kì í ṣe bíi tìẹ."

Ì bá sàn fún Nuala ká ní Manus sọ pé kò mọ ọ̀nà kà, nítorí á mọ bí òun á ṣe bá a jà. Èyí kò ní ibi téèyàn á gbá a mú. Ó wo koríko tó bo gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì rò ó bí ẹni tó ń ka ọ̀nà ṣe máa ń rò ó: bí òun bá jókòó síbí ní Sátidé, ọkọ òun á pa àwọn méjèèjì. Ó dùn ún dé egungun. Ó gbé ọwọ́ lé orókún ọkọ rẹ̀, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ara Manus fi balẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Manus ti wá mú àpò kan lọ. Manus ti ọkọ̀ padà sórí ìwọ̀n, ojú ń tì í.

"Màá pe Cathal," ló wí. "Màá ní kó má wulẹ̀ wá mọ́. Èmi náà ò ní lọ."

"Wàá lọ." Nuala ti bẹ̀rẹ̀, ó gbá àpò kan mọ́ra, ó gbé e sórí ìjókòó ara rẹ̀. "Gbé èkejì wá."

"Nuala…"

"Gbé e wá, kó o sì fi àpótí irinṣẹ́ lé wọn rọ́pò èyí tí Màmá mú lọ, ó wúwo jù ú lọ. Kí ni Cathal sọ fún ẹ pé òun wúwo tó? Irọ́ ni. Aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀ gan-an, bọ́tìnnì rẹ̀ ò padé mọ́. Bó o bá fi irọ́ Cathal to ọkọ̀, á tún gbé yín jù sígbó."

Òun fúnra rẹ̀ ló tún tú bẹ́líìtì náà sílẹ̀. Ó ṣe é wéréwéré bí ẹni tó ń ṣí báńdéèjì. Lẹ́yìn náà ló mú fóònù jáde lápò, ó sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Sinéad? Nuala ni. Ṣé ààyè yẹn ṣì ṣófo?"

Manus gbórí sókè. Sinéad jẹ́ ọmọbìnrin kan ní Glenties tó ń wa ọkọ̀ funfun kékeré kan. Ẹni tó ń ka ọ̀nà fún un ti ṣí lọ sí Ọsirélíà nígbà ọdún Àjíǹde. Ó ti bẹ Nuala nígbà náà, Nuala sì dá a lóhùn pé òun ti lọ́kọ.

"Ó dáa," ni Nuala ń wí. "Rárá, kò bínú… Bẹ́ẹ̀ ni. Sátidé." Ó pa fóònù.

"Ọmọ yẹn?" Ohùn Manus fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Nuala, ọmọ yẹn kì í rọra!"

"Ó máa ń wo ọ̀nà."

Ọ̀rọ̀ náà bà á níbi tó dùn ún jù, Nuala sì mọ̀. Kò kó o padà. Manus ni kò ní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Kì í sì í ṣe òun ni yóò máa tẹ bíréèkì fún un. Manus jókòó lé táyà kan lórí ilẹ̀, ó di orí mú. Láti ìta, wọ́n ń gbọ́ Ìyá Manus tó ń bá àwọn àgùntàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, tó ń pè wọ́n ní ọ̀jẹun. Manus yíjú sí Nuala.

"Ta ló bá Sinéad to ṣọ́kì ẹ̀?"

"Ó ní bó ṣe rà á ló ṣe wà."

"Bó ṣe rà á." Ó mi orí. Ó dìde, ó mú sípánà, ó tún gbé e sílẹ̀. "Pè é padà. Ní kó gbé ọkọ̀ ẹ̀ wá síbí lọ́la, ní kùtùkùtù. Kí ìwọ náà má sì lọ ibì kankan."

"Kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Wàá jókòó sí i," ni Manus wí. "Mi ò ní fi àpò kankan díwọ̀n ẹ."